Géèmù The Elder Scrolls apá kẹfà: Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Ajah ń retí, àti ohun tó ń já wọn láyà

Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọdún 2018, ti pé ọmọ ọdún méje ní 2025, ó sì ti ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ Bethesda tó wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àwòrán kan tí kò tó ìṣẹ́jú kan jáde, tí wọ́n sì fi kéde pé apá kẹfà géèmù tí wọ́n ń pè ní The Elder Scrolls ń bọ̀ lọ́nà. Òkè, pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti etí omi nìkan ni àwọn èèyàn rí nínú àwòrán ọ̀hún. Orin dún díẹ̀, orúkọ géèmù yọ, ó sì tán. Látìgbà náà títí tí ọdún 2025 fi kógbá sílé, ilé-iṣẹ́ náà kò dárúkọ ọjọ́ tí géèmù náà yóò jáde. Síbẹ̀, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń retí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ajah, lójú ọ̀nà tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò sì gbẹ́yìn.

Ó yẹ kí àwọn tí kì í ṣe géèmù kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Kì í ṣe bíi bọ́ọ̀lù tí àwọn méjì ń jókòó ti ara wọn gbá lórí ẹ̀rọ, tí yóò sì parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Odidi ilẹ̀ kan ni wọ́n dá sínú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìlú ńlá, abúlé, igbó, òkè àti ihò àpáta. Ọba wà níbẹ̀, oṣó wà níbẹ̀, ejò abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ni yóò yan irú ẹ̀dá tí òun fẹ́ jẹ́, ọ̀nà tó bá wù ú ni yóò gbà, kò sì sí ẹni tí yóò ní kó má yà sí ọ̀tún tàbí òsì.

Irú ìtàn báyìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. D. O. Fágúnwà ti rán ọdẹ wọ inú igbó àwọn iwin nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tó jáde ní 1938, ọdún 1949 ni Igbó Olódùmarè sì tẹ̀lé e. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí èkejì sì dé, kàkà kó gbé ìtàn náà síwájú, ìtàn bàbá ọdẹ yẹn ló padà lọ sọ. Ẹni tó ń retí apá tuntun ìtàn kan kì í mọ ibi tí olùkọ̀tàn yóò gbé e gbà. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú ìrètí dùn, òun náà ló sì ń kó ẹ̀rù báni.

Apá kìíní The Elder Scrolls jáde ní 1994, èkejì ní 1996, ẹ̀kẹta ní 2002, ẹ̀kẹrin ní 2006. Ẹ̀karùn-ún, tí wọ́n sọ ní Skyrim, jáde ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2011. Àlàfo tó gùn jù láàárín apá kan sí òmíràn nígbà náà kò ju ọdún mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Skyrim títí di òpin 2025, ọdún mẹ́rìnlá ló ti kọjá. Ọ̀dọ́mọdé tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí Skyrim jáde ti di ẹni ọdún 29. Ó ṣeé ṣe kó ti di baba ọmọ, kó sì máa san owó ilé fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ náà sùn. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n gbájú mọ́: Fallout 4 jáde ní 2015, Fallout 76 ní 2018, Starfield ní 2023. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n tó sọ pé iṣẹ́ lórí The Elder Scrolls kẹfà ti kúrò ní èrò àti àpérò, pé ó ti di iṣẹ́ gidi. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Phil Spencer, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Xbox nígbà náà, sọ ní ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pé ó lè tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí géèmù náà tó dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Skyrim tí wọ́n fẹ́ kó borí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni: ní 2023, Todd Howard tó ṣe olórí iṣẹ́ náà sọ pé èyí tí wọ́n ti tà ju 60 mílíọ̀nù lọ.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan Ajah? Bí Èkó ṣe ń fẹ̀ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni èrò ń pọ̀ sí i níbẹ̀, láti Badore dé Langbasa títí kan Sangotedo. Bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, ilé géèmù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà: yàrá kékeré kan, tẹlifíṣàn mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ níta, owó sì ń wọlé ní eré kọ̀ọ̀kan tàbí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù ni ọba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù GTA: San Andreas jáde ní 2004, òun ló fi han ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Èkó pé èèyàn lè wọ ìlú kan nínú ẹ̀rọ, kó sì máa rìn káàkiri rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ilẹ̀kùn tí àwọn mìíràn gbà dé ọ̀dọ̀ Skyrim nìyẹn.

Skyrim kò ṣeé fi owó wákàtí kan ṣe. Ọgọ́rùn-ún wákàtí lè kọjá kí èèyàn tó rí ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kó ní iná, kó sì rí géèmù náà rà tàbí yá. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Ajah ti yàtọ̀ sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń retí.

Ìrètí wọn kò yàtọ̀ ní tiwọn. Gbogbo wọn ló fẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀, tí ohun àràmàǹdà yóò wà ní gbogbo igun rẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ òmìnira tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Ohun kan tún wà tó sún mọ́ ọkàn aláwọ̀ dúdú. Nítorí òkè àti etíkun tó wà nínú àwòrán ọdún 2018 yẹn, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ilẹ̀ Hammerfell ni ìtàn náà yóò ti wáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Hammerfell ni ilẹ̀ àwọn Redguard, aláwọ̀ dúdú tí ìtàn géèmù náà pè ní akíkanjú nídìí idà àti ọkọ̀ ojú omi. Nínú Skyrim, èèyàn lè yan láti jẹ́ Redguard, ṣùgbọ́n àlejò ni yóò jẹ́ lórí ilẹ̀ oníyìnyín tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti rí i pé aláwọ̀ dúdú ló ni ìlú, ló ni ààfin, ló sì ni ìtàn náà kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tí kì í rí irú ara rẹ̀ nínú irú eré báyìí.

Ẹ̀rù tí gbogbo ayé jọ ń bà náà ṣeé tò lẹ́sẹẹsẹ. Fallout 76 jáde ní 2018 pẹ̀lú àbùkù tó pọ̀, àwọn tó rà á sì fapá jánú. Nígbà tí Starfield jáde ní 2023, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn mìíràn sì ráhùn pé ó gbòòrò lóòótọ́ ṣùgbọ́n ibi tó ṣófo nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni CD Projekt tó ṣe Cyberpunk 2077 ní oṣù kejìlá ọdún 2020, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù kò gbàgbé pé Sony yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí àṣìṣe inú rẹ̀. Ìrètí ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti gbé. Bí géèmù tuntun náà bá dára ní ìwọ̀n, àwọn kan ṣì máa sọ pé kò tó ohun tí wọ́n fi ọkàn rò.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ẹ̀rù ẹni tó ti wọlé ni: bóyá oúnjẹ yóò dùn. Ẹ̀rù tó wà ní Ajah, ti ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ni: bóyá wọ́n máa jẹ́ kí òun wọlé.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ̀rọ̀. Nígbà tí Skyrim jáde ní 2011, 60 dọ́là ni wọ́n ń ta á ní Amẹ́ríkà. Dọ́là kan kò ju bíi 160 náírà lọ nígbà náà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 9,600 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn jẹ́ 18,000 náírà. Géèmù náà gba díẹ̀ ju ìdajì owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ. Ní 2025, géèmù tuntun ti di 70 dọ́là, dọ́là kan sì wà ní bíi 1,500 náírà. Ìyẹn jẹ́ 105,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024, jẹ́ 70,000; èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní òun yóò máa san fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ 85,000. Géèmù kan ṣoṣo ti wá gba owó oṣù kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba èyí tí òfin sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Microsoft tiẹ̀ kéde pé géèmù tuntun òun kan yóò di 80 dọ́là, kó tó yí ọ̀rọ̀ náà padà lóṣù keje. Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọbẹ̀ yìí kò yí padà. Owó tí wọ́n fi ń pa á ní Nàìjíríà ló yí padà.

Àtìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ti le sí i, nítorí òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Èbúté ńlá Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Ajah. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí ìtòsí ilé ẹni kò sọ dọ́là di náírà.

Ọgbọ́n wo ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń dá sí i? Àwo ni. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò dáwó jọ bí ẹni ń dá èsúsú, wọ́n á ra àwo géèmù kan, yóò sì máa yí láti ilé kan dé òmíràn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe é tán, ó gbé e fún ẹnì kejì. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti ṣe é tán, wọ́n á tà á, tàbí kí wọ́n fi pààrọ̀ òmíràn ní ìsọ̀ tàbí ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà. Báyìí ni géèmù olówó gọbọi ṣe ń di ohun tí apá ọmọ mẹ̀kúnnù ká. Kò sí olè nínú rẹ̀, kò sì sí ayédèrú. Àwo kan náà tí wọ́n san owó rẹ̀ ló ń rìn.

Ọ̀nà yìí gan-an ló ń dí. Ẹ̀rọ Xbox Series S tó jáde ní 2020 kò ní ojú ihò tí wọ́n ń ti àwo bọ̀. PlayStation 5 Pro tó jáde ní 2024 náà kò ní in. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò rà á lọ́tọ̀. Nígbà tí àwo bá tiẹ̀ wà, ó lè má sí nǹkan nínú rẹ̀. Bethesda kan náà yìí ló gbé DOOM: The Dark Ages jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ohun tó wà lórí àwo ti PlayStation kò tó 100 MB, nígbà tí géèmù náà fúnra rẹ̀ ju 80 GB lọ. Ìyókù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó rà á yóò ti fà á wálẹ̀. Géèmù tí wọ́n bá sì rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá kò ṣeé yá ọ̀rẹ́, kò ṣeé tà, kò ṣeé jogún. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù: ilé-iṣẹ́ tó ni àtẹ ló ni ọjà tó wà lórí rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí èèyàn ti sanwó.

Àtẹ náà pàápàá kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Títí di 2025, Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí PlayStation ṣí àtẹ rẹ̀ fún. Àwọn tó ń rajà níbẹ̀ láti Èkó ń ṣe bí ẹni pé Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba ni àwọn ń gbé, wọ́n sì ń ra káàdì ẹ̀bùn tó níye lórí dọ́là. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 fi ewu inú rẹ̀ hàn. Sony ní kí gbogbo ẹni tó ń ṣe géèmù Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú PlayStation, bẹ́ẹ̀ ó ju 170 orílẹ̀-èdè àti agbègbè tí kò ní àǹfààní láti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n padà fagi lé e nígbà tí ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò ṣeé gbàgbé: gbólóhùn kan láti òkè òkun tó láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ti sanwó.

Ọ̀rọ̀ dátà àti iná náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025, ni wọ́n gbé apá kẹrin The Elder Scrolls, ìyẹn Oblivion, jáde ní àtúnṣe tuntun. Ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ 120 GB. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ní ti iná, ìṣirò ń sọ ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A gòkè láti 68 náírà sí 225 lórí yúníìtì kan. Bí ẹ̀rọ géèmù àti tẹlifíṣàn bá jọ ń jẹ 300 wáàtì, ọgọ́rùn-ún wákàtí géèmù yóò gba 30 yúníìtì, ìyẹn 6,750 náírà ní iye owó iná ìgbà náà. Èyí ṣeé fara dà. Àìsí iná ló ń dun àwọn tí kò sí ní Band A, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti ń sún mọ́ 1,000 ní Èkó nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024.

Ìfòyà tó kẹ́yìn jẹ́ ti irú ẹ̀rọ. Microsoft, tó ni Xbox, kéde ní 2020 pé òun ń ra ilé-iṣẹ́ tó bí Bethesda ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2021. Nígbà tí Starfield jáde ní 2023, Xbox àti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ní Nàìjíríà, PlayStation ló gbòde kan. Bí wọ́n bá ṣe apá kẹfà yìí bíi ti Starfield, ẹni tó fi ọdún púpọ̀ tu owó jọ ra PlayStation yóò kàn máa wòran ni. Ìrètí wà ṣá: Oblivion tuntun tó jáde ní 2025 wà lórí PlayStation 5, Microsoft sì ti ń gbé ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Àwọn àgbà kan yóò bi í léèrè pé kí ni gbogbo èyí já mọ́, nígbà tí ilé gbígbé àti oúnjẹ ṣì jẹ́ ìṣòro. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ráyè wo iṣẹ́ àwọn tó gọntíọ, kò lè kọ́ irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Kiro'o ní Cameroon ṣe Aurion jáde ní 2016, ìtàn àràmàǹdà tí wọ́n fà yọ láti inú àṣà Áfíríkà. Ní 2024, nígbà tí Disney gbé eré Iwájú tó dá lórí Èkó ọjọ́ iwájú jáde pẹ̀lú Kugali, ilé-iṣẹ́ Maliyo tó wà ní Èkó ló ṣe géèmù rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni eré yìí ti ń di, àwọn tó bá sì dàgbà nínú rẹ̀ ni yóò ṣe é.

Kì í ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Ní 2023, àtẹ Steam gbé iye owó dọ́là tó rọjú kalẹ̀ fún Argentina àti Turkey pẹ̀lú àwọn alámùúlégbè wọn, nítorí owó wọn tó ń já wálẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe níbí.

Nítorí náà, nígbà tí Bethesda bá tún yọjú pẹ̀lú àwòrán mìíràn, ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó ń gbé ní Ajah wò kó tó wo ẹwà òkè àti etíkun: iye tí wọ́n fẹ́ ta á, irú ẹ̀rọ tí yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àti bóyá odidi géèmù wà lórí àwo tí ọ̀rẹ́ lè yá ọ̀rẹ́. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Géèmù náà yóò jáde lọ́jọ́ kan. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí gbogbo ayé yóò fi mọ̀ bóyá ó dára. Iye ọ̀dọ́ Ajah tí yóò lè fi ojú ara wọn rí i, ọwọ́ àwọn tó ń ṣètò owó, àtẹ àti àwo ni ìyẹn wà.